Láàárín Ẹ̀fọn àti Ìjì: Ìrìnàjò Ẹbí sí Etí Adágún Superior ní Ìparí Ìgbà Ooru

Nínú àwọn àṣà ìsinmi tí ó gbilẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára èyí tí ó gba ìmúrasílẹ̀ jù ni ìrìnàjò ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí òbí àti ọmọ jọ máa ń fi ọkọ̀ ara wọn rìn ní ìparí ìgbà ooru, tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó, tí wọn yóò wa ọkọ̀ káyáàkì lórí omi, tí wọn yóò sì máa sun inú àgọ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pa. Ìgbà ooru tí à ń wí yìí yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn tí Yorùbá mọ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin tí ọdún pín sí ní àwọn ilẹ̀ tí ó jìnnà sí agbedeméjì ayé, ó ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, ó sì ń kógbá sílé nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹni tí ó bá wo ìrìnàjò náà láti òkèèrè lè rò pé ibi tí ẹbí kan ń lọ ni ó ṣe pàtàkì jù, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé àsìkò ni olórí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ kan náà àti omi kan náà tí ó ń fi ọ̀yàyà gba àlejò ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ lè lé e padà ní oṣù Kẹfà, ó sì lè pa á ní oṣù Kọkànlá.

Ibi tí èyí ti hàn kedere ni etí gúúsù Adágún Superior, ní apá òkè ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Bí a bá fi bí ojú omi ṣe fẹ̀ tó wọn gbogbo adágún tí omi wọn kò níyọ̀ ní ayé, Superior ni àgbà wọn: ó gba ilẹ̀ tí ó tó 82,100 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tí ó ju ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lápapọ̀ lọ díẹ̀. Ibi tí ó jìn jù nínú rẹ̀ jẹ́ 406 mítà, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo omi aláìníyọ̀ tí ó wà lójú ilẹ̀ ayé ló wà nínú rẹ̀. Àwọn Ojibwe, tí wọ́n ti ń gbé etí rẹ̀ kí àwọn ará Yúróòpù tó dé, ń pè é ní Gichigami, ìyẹn òkun ńlá, orúkọ yìí sì bá ìwà rẹ̀ mu ju orúkọ adágún lọ, nítorí pé ẹni tí ó dúró ní èbúté kan kò lè rí èkejì, ìgbì rẹ̀ sì ti rì ọkọ̀ tí ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ.

Ìdí tí ó fi jẹ́ ìparí oṣù Kẹjọ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ti àlejò sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ni kòkòrò. Nígbà tí yìnyín bá ti yọ́ tán, tí àbàtà inú igbó sì kún, amúkúrù ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde nínú oṣù Karùn-ún àti ìkẹfà, ẹ̀fọn á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí tí yóò fi kan eṣinṣin etí omi tí ó jọ eṣinṣin ilé lójú ṣùgbọ́n tí ó ń géni jẹ lẹ́sẹ̀, pàápàá nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti gúúsù. Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń lọ sópin, tí òru bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, agbára wọn á rọlẹ̀, ènìyàn á sì lè jókòó sídìí iná ní alẹ́ láìjẹ́ pé ó ń gbá ara rẹ̀ létí.

Ohun kejì ni ooru omi. Omi ńlá kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Oòrùn máa ń pẹ́ lójú ọ̀run jù lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, síbẹ̀ adágún náà ṣì máa ń tutù nini lọ́jọ́ náà, nítorí ibú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbé ooru tí ó gbà mì kíákíá. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ooru tí ó ti ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ máa tó hàn lójú rẹ̀. Bí a bá ṣírò gbogbo omi náà pọ̀ yípo ọdún, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4°C lọ, èyí tí ó sún mọ́ ti inú fíríìjì, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kẹjọ ojú omi tí ó wà ní ìyawọ̀ etí ilẹ̀ lè kọjá 15°C. Ẹni tí ó ń wá omi tí ó gbóná jù nínú ọdún kò gbọdọ̀ wá a ní ọjọ́ tí oòrùn ga jù.

Ohun kẹta ni kàlẹ́ńdà àwọn ènìyàn. Láti ọdún 1894 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án di ọjọ́ ìsinmi fún àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Labor Day, àwọn ènìyàn sì kà á sí òpin ìgbà ooru bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, Michigan ṣe òfin pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba má ṣe wọlé títí ọjọ́ náà yóò fi kọjá, kí òwò àwọn tí ń gba àlejò lè gbòòrò sí i ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ agbègbè ti gba àyè láti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Báyìí ni òfin ìjọba, ìrọlẹ̀ kòkòrò àti ìfaradà omi ṣe pàdé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Àwọn Ojibwe ti mọ ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣòfin sí i. Ní àkókò yìí ni èso búlúbẹ́rì ti pọ́n dáadáa lórí ilẹ̀ oníyanrìn, ní àkókò yìí náà sì ni manoomin ń gbó, ìyẹn ọkà kan tí ó ń hù nínú omi tí kò jìn, tí àwọn òyìnbó ń pè ní ìrẹsì ìgbẹ́. Ènìyàn méjì ni ó sábà máa ń jọ kórè rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan: ọ̀kan á máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ, èkejì á máa fi igi méjì tẹ orí ọkà náà wálẹ̀ kí ó sì rọra gbọ̀n ọ́n, kí èyí tí ó gbó bọ́ sínú ọkọ̀, kí ìyókù sì padà sínú omi fún ọdún tí ń bọ̀. Wọ́n fi ìkórè yìí sọ ọ̀kan nínú oṣù wọn lórúkọ.

Ọ̀nà àti ohun tí ó wà lójú rẹ̀

Láti Detroit, ìlú tí ó tóbi jù ní Michigan, ọ̀nà márosẹ̀ kan gba àríwá lọ fún nǹkan bí 460 kìlómítà títí tí ilẹ̀ fi tán. Níbẹ̀ ni omi tóóró kan ti pín ìpínlẹ̀ náà sí méjì, Afárá Mackinac ni ó sì so wọ́n pọ̀. Títí di ọdún 1957 tí wọ́n ṣí afárá náà, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó mọ́tò kọjá, ìlà àwọn tí ń dúró sì máa ń gùn lọ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà nígbà tí àwọn ọdẹ bá ń lọ pa àgbọ̀nrín. Lónìí, ìrìn kìlómítà mẹ́jọ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwọn ọmọdé tí ó wà nínú ọkọ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nígbà tí táyà bá bọ́ sórí àsẹ́ irin tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀nà inú, tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, tí omi sì ń hàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹbí kò gbọdọ̀ gbé kọjá afárá yìí láìronú: igi ìdáná. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ṣàwárí lẹ́bàá Detroit pé kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí ó ti Éṣíà wá ń jẹ abẹ́ èèpo igi áàṣì títí igi náà yóò fi gbẹ, ó sì ti pa igi náà ní ọ̀kẹ́ àìmọye láti ìgbà náà. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ kì í fò jìnnà. Àwọn arìnrìnàjò ni ó ń gbé e rìn nínú igi tí wọ́n dì sẹ́yìn ọkọ̀. Nítorí èyí ni ìlànà fi di pé kí olúkúlùkù ra igi níbi tí yóò ti dá a. Nínú gbogbo òfin ìrìnàjò yìí, èyí ni ó fi hàn jù pé ohun tí ó dà bí ìfowópamọ́ kékeré nínú ilé lè di ọ̀ràn fún odindi igbó.

Ọ̀nà náà ní ìtàn tí ó kan àwọn ọmọ Áfíríkà tí a bí sí Amẹ́ríkà ní pàtàkì, nítorí ìgbà kan wà tí kì í ṣe gbogbo ẹbí ni ó lè ya ilé ìtura tàbí ilé epo tí ó wù wọ́n. Ní ọdún 1936, Victor Hugo Green, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pínpín lẹ́tà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tí a mọ̀ sí Green Book, èyí tí ó to orúkọ àwọn ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù tí aláwọ̀ dúdú lè wọ̀ láìsí ìtìjú tàbí ewu, àtẹ̀jáde rẹ̀ sì ń bá a lọ títí kan àwọn ọdún 1960. Ní Michigan gan-an, Idlewild, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1912 sínú igbó etí adágún kékeré kan, di ibi ìsinmi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti lè ra ilẹ̀, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n pẹja, kí wọ́n sì gbọ́ orin. Daniel Hale Williams, oníṣẹ́ abẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí iṣẹ́ abẹ ọkàn, ní ilẹ̀ níbẹ̀, onímọ̀ W. E. B. Du Bois náà ní i. Lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1964, tí ó ṣí ilẹ̀kùn ibi gbogbo sílẹ̀, àwọn àlejò Idlewild fọ́n ká, ìlú náà sì dákẹ́. Ẹbí aláwọ̀ dúdú tí ó bá gba Michigan kọjá lónìí ń lo òmìnira tí àwọn tí ó ṣáájú wọn ní láti fi ìwé atọ́nà wá kiri.

Lẹ́yìn afárá, ìlú á máa jìnnà síra wọn. Lórí ọ̀nà tí a ń pè ní M-28, ibì kan wà tí ọ̀nà gùn tó 40 kìlómítà láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì, àárín àbàtà sì ni gbogbo rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́, máàpù orí ìwé ni a ń tú. Oúnjẹ tí ó gbajúmọ̀ jù lójú ọ̀nà ni pásìtì, ìyẹn ẹran, ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà tí wọ́n dì sínú ìyẹ̀fun kí wọ́n tó yan án. Yorùbá tí ó bá jẹ ẹ́ yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n míìtì-páì ni. Àwọn awakùsà tí ó ti Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wa bàbà ní apá ìwọ̀-oòrùn agbègbè náà láti àwọn ọdún 1840 ni ó mú un wá, nítorí pé ó ṣeé gbé wọ inú kòtò, ó sì ṣeé jẹ láìlo ṣíbí.

Ibi méjì ni ó sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró ṣáájú etí adágún. Èkíní ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ odò Tahquamenon, níbi tí omi ti ń já láti òkè tí ó ga tó nǹkan bí mítà 15, tí ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 60. Omi rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àgbo, ìdí kan náà ni ó sì fà á: bí a ti ń rẹ èèpo àti egbò sínú ìkòkò kí oje wọn lè jáde, bẹ́ẹ̀ ni àbàtà tí odò náà ti ṣàn wá ṣe ń rẹ ewé àti èèpo igi sédà sínú omi. Èkejì ni ìsun Kitch-iti-kipi, tí ó jìn tó mítà 12, tí omi inú rẹ̀ sì mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí a ń rí yanrìn ìsàlẹ̀ bí ó ti ń ru sókè. Àwọn àlejò fúnra wọn ni ó ń yí irin tí ń fa pẹpẹ ìléfòó lọ sáàárín omi náà. Ó ń tú omi tí ó ju 37,000 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan, ooru rẹ̀ kì í sì í kúrò ní nǹkan bí 7°C tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé inú ilẹ̀ ni ó ti ń bọ̀. Ní agbègbè tí ohun gbogbo ń tẹ̀lé àsìkò, òun nìkan ni kò ka àsìkò sí.

Ìrìn-ẹsẹ̀ lórí ògiri òkúta

Níwájú ìlú kékeré Munising ni Pictured Rocks wà, ilẹ̀ etí omi tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ní ọdún 1966, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó gùn tó nǹkan bí 67 kìlómítà lẹ́bàá adágún, nínú èyí tí nǹkan bí 24 jẹ́ ògiri òkúta yanrìn tí ó dìde lójijì láti inú omi, tí ó sì ga tó mítà 60 ní ibòmíràn. Orúkọ rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí òkúta aláwòrán, wá láti ara àwọ̀ tí ó ń ṣàn sílẹ̀ lójú ògiri náà. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló kùn ún. Omi inú ilẹ̀ ni ó ń gba ihò òkúta jáde, tí ó ń gbé èròjà wá, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ. Irin ni ó ń fún un ní pupa àti àwọ̀ ọsàn, bàbà ni ó ń fún un ní àwọ̀ ewé àti aró, mangáníìsì sì ni ó ń mú un dúdú.

Ìrìn tí àwọn ẹbí sábà máa ń yàn níbẹ̀ ni èyí tí ó yí ká agbègbè Chapel, tí ó tó nǹkan bí 16 kìlómítà. Ó gba inú igbó lọ sí ìdí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kan, ó sọ̀kalẹ̀ sí etíkun oníyanrìn, ó gun orí ògiri òkúta, ó sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Fún àgbàlagbà, ìrìn wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n nínú ẹbí, ẹsẹ̀ ọmọ tí ó kéré jù ni òṣùwọ̀n, òbí tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣírò yóò gbé ọmọ sẹ́yìn ní ìdajì ọ̀nà. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n rìn fi máa ń dá wákàtí tí wọn yóò padà kí wọ́n tó gbéra, wọn kì í sì í yí i nítorí pé ibi tí wọ́n ń lọ ti sún mọ́.

Lójú ọ̀nà yìí ni Òkúta Chapel wà, tí ó dá dúró bí ọwọ̀n ní etí omi, tí igi páínì kan ṣoṣo sì hù sórí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó wà lórí òkúta náà kò tó ohun tí ó lè bọ́ igi. Nígbà kan rí, afárá òkúta kan so ọwọ̀n náà mọ́ ilẹ̀ ńlá, gbòǹgbò igi náà sì gba orí rẹ̀ kọjá lọ wá oúnjẹ. Nígbà tí afárá náà wó sínú omi ní àwọn ọdún 1940, gbòǹgbò náà kò já. Títí di òní ni ó nà gbalaja nínú afẹ́fẹ́, láti orí ọwọ̀n dé orí ilẹ̀, bí okùn tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Miners Castle wà, òkúta tí ó ní ṣóńṣó méjì tẹ́lẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì ya lulẹ̀ sínú adágún ní oṣù Kẹrin ọdún 2006. Omi tí ó wọ inú ihò òkúta tí ó sì di yìnyín máa ń wú, wíwú náà ni ó sì ń la òkúta bí èèkàn tí a gbá sínú igi. Òkúta tí ìrìn náà gba orí rẹ̀ ti tó nǹkan bí 500 mílíọ̀nù ọdún, síbẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ọmọdé kí wọ́n má sún mọ́ bèbè.

Ọkọ̀ ọdẹ tí ó di ọkọ̀ ìgbafẹ́

Káyáàkì, tí ìrìnàjò náà fi ń wọ inú omi, jẹ́ ogún àwọn Inuit àti àwọn ìran mìíràn tí ń gbé etí òkun àríwá ayé. Qajaq ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ọkọ̀ ọdẹ sì ni: egungun ẹja àbùùbùtán tàbí igi tí òkun gbé wá sí èbúté ni wọ́n fi ń ṣe férémù inú rẹ̀, awọ ẹran omi ni wọ́n ń rán bò ó, ìwọ̀n ara ẹni tí yóò wà á ni wọ́n sì fi ń gé e, bí ẹni ń dá aṣọ. Ó yàtọ̀ sí ọkọ̀ èèpo igi bẹ́ẹ̀ṣì tí àwọn Ojibwe mọ̀ ọ́n ṣe, èyí tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ó sì wà fún kíkó ẹrù. Òkè káyáàkì dí pa, àfi ihò tí awakọ̀ jókòó sí. Aṣọ kan wà tí a máa ń so mọ́ ìbàdí tí a sì fi ń bo ẹnu ihò náà kí omi má baà wọlé. Àjẹ̀ rẹ̀ sì ní ojú méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ní etí Superior, ọkọ̀ gígùn tí a ṣe fún òkun ni ó tọ́, nítorí pé ọkọ̀ kúkúrú tí ènìyàn fi ń ṣeré lórí ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìn ilé kò lè kojú ìgbì rẹ̀. Àwọn ẹbí tí ó ní ọmọ kékeré sábà máa ń lo ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì, tí ọmọ á jókòó síwájú, tí òbí á sì wà lẹ́yìn tí yóò máa darí.

Láti ojú omi ni àwọ̀ òkúta náà ti hàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni láti ojú omi ni ewu rẹ̀ ti ga jù. Lábẹ́ ògiri náà, ọ̀pọ̀ kìlómítà ni ó wà tí ènìyàn kò lè rí ibi gúnlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà tí ó sì ń fẹ́ láti àríwá, ìgbì tí ó lu òkúta kì í kú síbẹ̀. Ńṣe ni ó ń padà, tí ó ń pàdé èyí tí ó ń bọ̀, tí omi á sì máa ru sókè láìní ibi tí ó dojú kọ, bí ọbẹ̀ tí iná pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń jáde ní àárọ̀, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dìde, lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ ohun tí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀ sọ nípa ìgbì ọjọ́ náà.

Òtútù omi ni ó burú jù. Àwọn tí ń kọ́ni ní ìdáàbòbò lórí omi ń fi òǹkà mẹ́ta ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó já sínú omi tútù nini: ìṣẹ́jú kan ni yóò fi máa mí gúlegúle, tí ó sì gbọ́dọ̀ fi kó ẹ̀mí ara rẹ̀ níjàánu, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi ṣì lè ṣiṣẹ́, ó sì lè tó wákàtí kan kí òtútù tó dá a kú lọ. Òǹkà yìí fi hàn pé kì í ṣe òtútù fúnra rẹ̀ ló ń tètè pani, bí kò ṣe ìpayà ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ àti àìlágbára tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀wù ìléfòó sì ni ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ méjèèjì. Omi oṣù Kẹjọ dín ewu yìí kù, kò mú un kúrò. Nítorí náà, ẹ̀wù ìléfòó wà lọ́rùn àgbà àti ọmọdé ní gbogbo ìgbà, ẹbí sì gbọ́dọ̀ ti fi omi tí kò jìn kọ́ bí a ti ń jáde nínú ọkọ̀ tí ó dojú dé àti bí a ti ń padà sínú rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ọgbọ́n yìí gan-an ni òfin àkọ́kọ́ lẹ́nu àwọn atọ́nà Munising, tí wọ́n máa ń fagi lé ìrìn nígbà tí ìgbì bá ga, àní bí àlejò bá ti sanwó tí ó sì ti wakọ̀ ní odindi ọjọ́ kan wá. Ẹbí tí ó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún káyáàkì ti fi ara rẹ̀ sínú ìdẹwò láti wọ omi tí kò yẹ; èyí tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ lè jókòó ní èbúté ní ọjọ́ méjì láìbínú.

Àgọ́, iná àti ìràwọ̀

Pípàgọ́ ni ó so ìrìn-ẹsẹ̀ àti wíwa ọkọ̀ pọ̀, nítorí pé òun ni ilé. Bí àgbẹ̀ ṣe ń sun ahéré nígbà iṣẹ́ oko kí ó má baà máa lọ, kí ó má baà máa bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgọ́ ṣe ń jẹ́ kí ẹbí wà nítòsí omi ní àárọ̀ kùtùkùtù tí omi ń dákẹ́. Àwọn ibùdó tí ọkọ̀ lè dé, irú Twelvemile Beach àti Hurricane River, kì í ní àyè fún ẹni tí kò bá ti gba ipò tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ní ibùdó, iṣẹ́ pín láìsí ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹnìkan á na àgọ́, ẹnìkan á pọn omi kí ó sì sè é tàbí kí ó sẹ́ ẹ, ọmọ á ṣa ẹ̀ka gbígbẹ tí ó wà nílẹ̀, nítorí pé gígé igi tútù léèwọ̀. Ọmọ tí kì í fọ àwo nílé á fọ̀ ọ́ níbẹ̀, nítorí ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé oúnjẹ àárọ̀ kò ní àwo mìíràn.

Béárì dúdú wà nínú igbó náà. Kì í sábà wá ènìyàn, òórùn oúnjẹ ni ó ń tẹ̀ lé, ó sì lè gbóòórùn láti ọ̀nà jíjìn. Fún ìdí èyí, oúnjẹ, ìdọ̀tí, ọṣẹ àti ìpara eyín pàápàá kì í wọ inú àgọ́. Inú ọkọ̀ tí a tì tàbí inú àpótí irin ni wọ́n ń sùn. Béárì tí ó bá ti jẹ oúnjẹ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan yóò padà wá, àbọ̀ rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń fa ikú fún un, nítorí náà ẹni tí ó tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ ti dáàbò bo ẹranko náà pẹ̀lú. Ìlànà tí ó so gbogbo èyí pọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Leave No Trace, tí kókó rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹni tí ó dé lẹ́yìn má mọ̀ pé ẹnìkan ti sùn síbẹ̀ rí. Iná ni wọ́n fi ń dán an wò: a óò da omi sí i, a óò rò ó, a óò tún da omi sí i, títí eérú yóò fi tutù débi tí a lè fọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Òru ìparí oṣù Kẹjọ ní èrè tirẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í tètè ṣú ní àríwá yìí, ọmọdé á sì ti sùn kí ìràwọ̀ tó yọ. Ní ìparí ìgbà ooru, òkùnkùn tún ti padà wá ní wákàtí tí ọmọdé ṣì lajú. Ní nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 13 oṣù Kẹjọ ni ìràwọ̀ máa ń já púpọ̀ jù lójú ọ̀run, nítorí pé ayé ń gba inú eruku tí ìràwọ̀ onírù Swift-Tuttle fi sílẹ̀ kọjá, díẹ̀ nínú wọn sì ṣì máa ń já fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Níbi tí kò sí iná ìlú, wọ́n ń hàn dé ìsàlẹ̀, títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé adágún.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń tì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Labor Day, wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró lórí Afárá Mackinac kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, òbí pẹ̀lú ọmọ, arúgbó pẹ̀lú ọ̀dọ́. Ó ti di àṣà láti ìparí àwọn ọdún 1950. Fún ọ̀pọ̀ ẹbí, ibẹ̀ ni ìrìnàjò ti ń parí: àgọ́ ti wà nínú àpò, yanrìn ṣì wà nínú bàtà, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nísàlẹ̀ wọn, ooru tí omi fi oṣù mẹ́ta kó jọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù láti àríwá bá bá omi tí kò tíì tutù tán pàdé ní ìgbà ìwọ́wé, ooru kan náà tí ó mú kí ọmọdé lè wẹ̀ ní oṣù Kẹjọ á máa fi agbára kún ìjì.

Irú ìjì bẹ́ẹ̀ ni ó bá ọkọ̀ Edmund Fitzgerald ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gùn tó mítà 222, tí ó ń gbé òkúta irin lọ sí ìhà Detroit. Ó rì nítòsí Whitefish Point, kò jìnnà sí odò Tahquamenon tí àwọn ẹbí ti ń ya àwòrán, kò sì sí ẹnìkan tí ó yè nínú ọkùnrin 29 tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1995, àwọn omùwẹ̀ gbé agogo ọkọ̀ náà jáde láti inú ibú, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Whitefish Point, níbi tí àlejò oṣù Kẹjọ ti lè dúró tì í, kí ó sì gba fèrèsé wo omi tí ó dákẹ́ bí aṣọ tí a tẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ náà rì, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn atukọ̀ ní Detroit, ìlú tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, lu agogo tirẹ̀ ní ìgbà 29.